Ọmọdébìnrin Tó Padà Sórí Àtẹ̀gùn

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, afẹ́fẹ́ fọ́ fèrèsé yàrá tí wọ́n ti ń tún ìwé ṣe ní ilé-ìkàwé ńlá àárín ìlú. Afẹ́fẹ́ náà ò le. Gíláàsì yẹn ti sán láti ọdún tó kọjá, wọ́n sì ti fi bébà lẹ̀ ẹ́ lójú lẹ́ẹ̀mejì. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló já bọ́ sórí símẹ́ńtì, afẹ́fẹ́ sì wọlé bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn, ó gbá gbogbo ewé ìwé orí tábìlì dà sílẹ̀.

Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń ṣà wọ́n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tú ìwé tó bá ti bàjẹ́ palẹ̀, kó sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú tún un rán. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi ń pè é ní Télọ̀ Ìwé. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ọdún mẹ́rin ló fi fọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ kan lójúmọmọ, tó sì ń fi ìrọ̀lẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìwé rírán ní kíláàsì àwọn àgbà. Máìlì méjì ààbọ̀ ni ilé ìfọṣọ sí kíláàsì, bàtà kan ṣoṣo ló sì fi rìn ín. Nígbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà náà lu, páálí ló ń gé sínú rẹ̀. Páálí kan máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta bí òjò ò bá rọ̀. Ilé-ìkàwé ti wá gbà á síṣẹ́, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń dán an wò. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀, ìwé kan ṣoṣo ló bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tí wọ́n fi ní kó máa lọ sílé.

Ó ti ń to ewé náà padà, abẹ́rẹ́ wà láàárín ètè rẹ̀, nígbà tó gbójú sókè wo ìta.

Ọkùnrin kan ń sọdá títì bọ̀ nísàlẹ̀, ó gbé gíláàsì kan tó ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Oòrùn òwúrọ̀ bọ́ sínú gíláàsì náà. Láti òkè tí Télọ̀ Ìwé wà, kò rí gíláàsì kankan. Ohun tó rí ni ọkùnrin tó ń rìn jẹ́jẹ́, tó na apá méjèèjì, tó gbá ìmọ́lẹ̀ mọ́ra. Àwọn èèyàn ń yà fún un. Ajá kan dúró, ó ń wò ó. Ọmọbìnrin náà gbàgbé ara rẹ̀ síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ lọ láìsí òun ńbẹ̀: ó mú ìdì ewé kan, ó fi lé èkejì, ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó ki í bọ̀ ọ́.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe náà ti wáyé. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Ìwé tó ń rán lọ́jọ́ náà ni ìtàn àròsọ kan tí wọ́n pè ní Àjà Karùn-ún. Ìtàn àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún ni, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ní irú ìlú tí gbogbo wa ń gbé yìí, tàwọn ti fóònù wọn àti àpò ẹ̀yìn wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ wọn jẹ́ alájà mẹ́rin, ṣùgbọ́n bí àwọn márààrún bá jọ gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á bá àjà karùn-ún tí kò sí lókè, gbogbo ohun tí èèyàn ti sọ nù láyé sì wà níbẹ̀. Orí mẹ́tàlá ni ìwé náà ní, orí kọ̀ọ̀kan sì dá ìdì ewé tirẹ̀ ní. Wọn ò fi nọ́ńbà sí orí kankan, àwòrán àtẹ̀gùn kékeré ni wọ́n yà síbẹ̀. Nọ́ńbà ojú-ewé wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òrùlé jò, omi jẹ etí ìwé náà, Télọ̀ Ìwé fúnra rẹ̀ ló sì gé etí ọ̀hún dànù. Nítorí náà, nígbà tó rán ìdì kejìlá ṣáájú ìkọkànlá, kò sí nǹkan kan nínú ìwé náà tó lè ké gbàjarè.

Ọkùnrin onígíláàsì tí ọ́fíìsì ti ránṣẹ́ pè gun òkè dé. Ó kí i, ó bi í ibi tí fèrèsé wà, ó rí i pé abẹ́rẹ́ tó ti padà sáàárín ètè rẹ̀ ni kò jẹ́ kó lè fi ju orí lọ dáhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu ná," ó ní. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ lọ́la pé ìkíni mi ló pa yín."

Ó yọ abẹ́rẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Onígíláàsì wọn ojú fèrèsé, ó fi ọ̀bẹ gíláàsì fa ìlà kan ṣoṣo, ó tẹ̀ ẹ́, gíláàsì sì gé ní ìdákẹ́jẹ́ bí ẹni ya búrẹ́dì. Ó fi àtàǹpàkò tẹ pọ́tì, àtè tó ń di gíláàsì mú, yí etí rẹ̀ ká. Ó kìlọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì ni pọ́tì fi ń gbẹ, kí wọ́n má ṣí fèrèsé náà títí òun yóò fi padà wá wò ó.

"Ṣé gbogbo fèrèsé tí ẹ bá ṣe lẹ máa ń padà wá wò?"

"Rárá o," ni Onígíláàsì wí, ó sì ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sápò. 

Ọ̀sẹ̀ méjì pé géérégé, ó dé. Ó tẹ pọ́tì wò, ó ti gbẹ. Ohun tó yẹ kó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni kó máa lọ, ṣùgbọ́n ó rí Àjà Karùn-ún lórí tábìlì, pẹ̀lú èèpo tuntun, àti àtẹ̀gùn tí wọ́n yà sí iwájú rẹ̀. Ó dúró wo àwòrán yẹn pẹ́. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí òun ti ka ìwé ìtàn kẹ́yìn. Télọ̀ Ìwé kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ yá ìwé náà látìgbà tí wọ́n ti tún un ṣe.

Ilé-ìkàwé yẹn ní ìṣe kan. Wọ́n máa ń fi bébà sẹ́yìn ìwé gbogbo kí ẹni tó bá kà á lè kọ èrò rẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Èèyàn kì í sábà kọ ju ìlà kan lọ. Wọ́n á kọ "Ó dùn." Wọ́n á kọ "Ó ti gùn jù." Ẹnìkan kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìṣirò pé ẹni tó yá a ṣáájú òun jẹ búrẹ́dì lé e. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin, Onígíláàsì dá Àjà Karùn-ún padà pẹ̀lú bébà mẹ́rin, tojú tẹ̀yìn.

Ohun tó kọ síbẹ̀ nìyí:

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n lè kọ ìwé báyìí. Mo rò pé ìwé tó bá ní idán nínú, ọba àti idà ló máa wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ yìí dúró síwájú ilẹ̀kùn tí kò sí láyé, wọ́n ń jà lórí ẹni tó lo iná fóònù ẹnìkejì tán. Ọ̀kan ń wo odò tó ń ṣàn gun òkè, ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù pé ṣé ó ti fọ abọ́. Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ara mi bù máṣọ, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Bẹ́ẹ̀ ni ohun ńlá ṣe ń bá èèyàn, tòun ti abọ́ tí a ò tíì fọ̀.

"Èyí tó kéré jù nínú wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọdébìnrin tí wọ́n ń pè ní Abíkẹ́yìn. Ó dúró sẹ́yìn lájà karùn-ún, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ kí àwọn yòókù lè rí ọ̀nà sọ̀kalẹ̀. Mo pa ìwé dé níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo tún ṣí i, ojú-ewé tó tẹ̀lé e gan-an, Abíkẹ́yìn jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń bó ọsàn. Òǹkọ̀wé ò ṣàlàyé. Kò ní báyìí ló ṣe padà. Àwọn yòókù ò bi í. Wọ́n jókòó tì í, ó pín ọsàn fún wọn, ó ní èyí tó dùn jù ni tòun. Mo ti ka ojú-ewé yẹn lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Mi ò mọ irú èèyàn tó láyà tó bẹ́ẹ̀, tí yóò dá òkú padà tí kò sì ní sọ ìdí. Ẹni tó ṣe èyí mọ ohun kan. Mo ṣí fìlà fún un."

Télọ̀ Ìwé kà á lórí ìdúró. Òun náà ti ka ìwé yẹn, nígbà tó sá ewé rẹ̀ sórí okùn kó lè gbẹ, orí kan tẹ̀lé orí kan, fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ó mọ̀ pé Abíkẹ́yìn ò padà. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n jẹ ọsàn. Nígbà tí ìtàn náà parí, àwọn yòókù dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ọsàn kan sì yí láti òkè bọ̀ wá bá wọn, láti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn kan sí òmíràn, láìsí ẹni tó jù ú.

Ó gba ìwé náà, ó ṣí i, ó tọpa òwú rẹ̀. Ìka rẹ̀ dúró sórí ìdì kejìlá.

"Kí lẹ rí?" Onígíláàsì bi í.

"Òwú ni," ó ní. Kò purọ́, kò sì sọ òótọ́.

Láti ọjọ́ náà, ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í rí gíláàsì tó sán káàkiri ilé-ìkàwé, mẹ́jọ nínú oṣù kan, tí kò sí ojú mìíràn tó rí wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi Télọ̀ Ìwé ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá pẹ́ sí i, ọkùnrin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn fúnra rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni wọ́n máa ń jókòó pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìnkùlé, òun pẹ̀lú ọwọ́ tó ń rùn fún pọ́tì, ọmọbìnrin náà pẹ̀lú ìka tí abẹ́rẹ́ ti gún. "Ẹ" di "o" láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó yí padà.

Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni Onígíláàsì ti sọ ti àbúrò rẹ̀ fún un. Àbúrò kan ṣoṣo tó ní, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ibà ni, ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Àjà kẹrin ni wọ́n ń gbé, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè ti bàjẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì pọ̀n ọ́n sẹ́yìn láti gbé e lọ sọ́sibítù.

"Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni," ó ní. "Mo kà á. Nígbà tí a dé ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n, ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní rárá. Ó ní kí n rí i pé mo jẹun. Nígbà tí a fi máa dé ilẹ̀, èmi nìkan ló kù."

Télọ̀ Ìwé di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọkùnrin náà ní láti ọjọ́ yẹn, ìyá àwọn ò dárúkọ ọmọ náà mọ́, àwòrán rẹ̀ sì wà ní ìdojúbolẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀. Ṣùgbọ́n òun ti ka ojú-ewé ọsàn sí ìyá òun létí. Ìyá ní kó tún un kà. Lọ́jọ́ kejì, ó ra ọsàn wálé, ó tò ó sínú abọ́ lórí tábìlì, ó sì gbé àwòrán yẹn jáde.

"Ìwé yẹn ló ṣe é," ó ní. "O ò lè mọ ohun tí o fún mi, olólùfẹ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ọmọbìnrin náà fẹ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe òwú náà, àmọ́ kò ṣe é. Ohun tó ń rò ni pé bí òun bá sọ ọ́, ọmọ yẹn á kú lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ òun ni yóò sì kú sí. Bí òun ò bá sì sọ ọ́, orí irọ́ ni òun máa kọ́ ilé ọkọ òun lé. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ń lọ.

Ọ̀gá ilé-ìkàwé ló wá fa ọ̀rọ̀ náà jáde. Obìnrin tó máa ń fi ìka wá eruku lórí pẹpẹ ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ yin èèyàn. Ó ka bébà mẹ́rin náà, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó sì ní irú èrò òǹkàwé báyìí kò tíì wọ ilé náà rí. Ó ní kí Onígíláàsì wá kà á sétí àwọn aráàlú ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà, ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́ta ọ̀sán. Ó tún pe ẹgbẹ́ òǹkàwé ilé-ìkàwé kejì tó wà lódìkejì odò, nítorí pé àwọn náà ní Àjà Karùn-ún.

Tiwọn ò bàjẹ́ rí. Tiwọn tò bó ṣe yẹ.

Nígbà tí Télọ̀ Ìwé gbọ́ èyí, ó rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹni ń wo fèrèsé: ọkùnrin yìí yóò dúró níwájú gbogbo èèyàn, yóò fi ọkàn rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú, ó ránṣẹ́ pè é sí yàrá ìwé.

"Fèrèsé tún ti fọ́?" Onígíláàsì ń rẹ́rìn-ín bọ̀. "Mo ti ń retí ẹ̀."

"Jókòó. Abíkẹ́yìn ò padà."

"Abíkẹ́yìn wo?"

"Tinú ìwé. Ìdì kejìlá ni mo rán ṣáájú ìkọkànlá. Òǹkọ̀wé kọ́ ló dá a padà, èmi ni. O ń bọ̀ lójú títì pẹ̀lú gíláàsì, mò ń wò ẹ́, mi ò wo ọwọ́ mi mọ́."

Ó ṣí ìwé náà, ó fi òwú hàn án. Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni ń wo gíláàsì tó fẹ́ mọ ibi tó ti sán.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ tí o mú bébà mẹ́rin wá."

"Ọ̀sẹ̀ méje," ó ní, "àti ọjọ́ méjì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó dìde.  "Màmá mi ń ra ọsàn," ó ní.  Ó sọ̀kalẹ̀ lọ, ó sì gbàgbé ọ̀bẹ pọ́tì rẹ̀ sórí tábìlì.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ìyá àgbà kan gun òkè náà, ó ń mí gúlegúle. Obìnrin kúkúrú ni, ọwọ́ rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ọsibítù, tó ń gbé oúnjẹ fún àwọn aláìsàn.

"Ìwọ ni Télọ̀?"

Ọmọbìnrin náà ti kúnlẹ̀ kó tó dáhùn.

"Dìde, símẹ́ńtì yìí tutù. Ọmọ mi ò jẹun láti àná. Ó ti sọ ọ́ fún mi, ó rò pé màá sunkún."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dárí jì mí."

"Kí ni kí n dárí ẹ̀ jì ẹ́? Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó kà á. Ọmọ tó bá ti ibi tí a kì í ti í bọ̀ dé, ṣé á kàn jókòó máa bó ọsàn ni, bí ẹni pé ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá ẹ̀ ló lọ? Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti gbé nǹkan síbi tí kò yẹ. Mo gbé oúnjẹ fún aláìsàn ọdún méjìlélógún, mo mọ abọ́ tó bá ṣi bẹ́ẹ̀dì."

Télọ̀ Ìwé wò ó lójú. Ó bi í ní ohùn kékeré pé kí ló wá dé tó fi ní kí ọmọ rẹ̀ tún un kà.

Ìyá náà jókòó sórí àga kó tó dáhùn. "Nítorí pé ó jókòó bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ tèmi. Àtẹ̀gùn kẹta láti ìsàlẹ̀ ni ìjókòó ẹ̀, ó máa ń pín ọsàn fún àwọn ọmọ ilé, ó sì máa ń jẹ èyí tó dùn jù. Ikú tó dé lẹ́yìn ìyẹn ò pa ìyẹn rẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń rántí ọjọ́ ìkẹyìn nìkan, bí ẹni pé ọjọ́ yẹn nìkan ló lò láyé. Ìwọ lo ṣí ojú-ewé tó kù fún mi."

 Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gba inú gíláàsì wọlé, ó tàn sórí òwú àti abẹ́rẹ́.

"Ṣé o fẹ́ràn ẹ̀?" ìyá bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Ọ̀bẹ ẹ̀ nìyẹn. Má fi ránṣẹ́ sí i. Kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i, á wá."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, èèyàn mẹ́tàlélógójì ló wà ní gbọ̀ngàn. Aago mẹ́ta kù ìṣẹ́jú méjì ni Onígíláàsì wọlé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Kò wo ẹ̀gbẹ́ tí Télọ̀ Ìwé wà. Ìyá rẹ̀ jókòó ní ìlà kejì. Ó mú bébà mẹ́rin náà, ó sì kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bó ṣe kọ wọ́n, kò yọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó dé ibi ọsàn, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò já.

Obìnrin kan láti òdìkejì odò nawọ́. Ó fi sùúrù sọ ọ́ pé nínú ìwé tiwọn, ọmọ yẹn ò padà. Èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

Kí Onígíláàsì tó lanu, Télọ̀ Ìwé ti dìde. Ọ̀gá rẹ̀ jókòó ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí i. Ó mọ iye oṣù tó kù nínú ìdánwò rẹ̀, ó mọ bí páálí ṣe ń rí nínú bàtà.

"Èmi ni mo rán an ṣì," ó ní. "Ohun tó wà nínú ìwé tí mo fún un ló kà. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, èmi ni kí ẹ rín."

 Onígíláàsì wá wò ó, ó sì wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí àwọn èèyàn.

"Mo ti mọ̀ láti Ọjọ́bọ̀," ó ní. "Mo fẹ́ ya bébà yìí. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó ṣe èyí mọ ohun kan, mi ò sì lè pa á rẹ́. Èèyàn méjì ló ṣe é. Ọ̀kan kọ ìtàn nípa ọmọ tó lọ. Èkejì ò mọ̀ pé òun ń kọ nǹkan kan, ọwọ́ rẹ̀ lásán ló mú ọmọ náà tó sì gbé e padà. Mo ti ń ṣiṣẹ́ gíláàsì láti ọdún méjìlá, mo máa ń rò pé mo mọ ohun tí à ń pè ní ìmọ́lẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Obìnrin òdìkejì odò ló kọ́kọ́ dìde, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ka ìwé yẹn bó ṣe wà. Ó gbà á, ó kà á láti ibi ilẹ̀kùn dé ibi ọsàn, ó sì gbé e fún ẹni tó tẹ̀lé e. Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn ara wọn. Ìwé náà ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹni tó bá kà á tán yóò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ilé àdúrà. Ọ̀gá ilé-ìkàwé ló kà á kẹ́yìn. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó tún un yọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá ni ọ̀gá. Ní ọjọ́ Ajé, ó pe Télọ̀ Ìwé sí ọ́fíìsì. Ó ní ìwé mọ́kànlélọ́gọ́rin ló ti rán, ọ̀kan ló ṣì. Ó fi oṣù mẹ́ta kún ìdánwò rẹ̀. Ó ní ìwé náà jẹ́ ti gbogbo èèyàn, bí òǹkọ̀wé ṣe tò ó ló sì gbọ́dọ̀ wà. "Tú u," ó ní. Lẹ́yìn náà ló wá fi ohùn jẹ́jẹ́ kún un pé kò pọn dandan kó jẹ́ lónìí.

Lọ́jọ́ kejì ni Onígíláàsì wá mú ọ̀bẹ pọ́tì rẹ̀, ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e. Wọ́n bá Télọ̀ Ìwé níbi tó gbé jókòó, pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ àti ìwé náà níwájú rẹ̀. Kò tíì gé e. Ìyá ní kí ọmọ òun kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó kà á. Ilẹ̀kùn tì, ojú-ewé ṣí, Abíkẹ́yìn jókòó, ó ń bó ọsàn. Nígbà tó parí, ìyá mí kanlẹ̀, ó ní ó tó.

Télọ̀ Ìwé gé òwú náà. Kò dún.

"Télọ̀," ni Onígíláàsì wí.

"Mo ń gbọ́."

"Bí mo bá tún ń sọdá títì, má wò mí mọ́ nígbà tí abẹ́rẹ́ bá wà lọ́wọ́ ẹ."

"Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn."

"Tóò, fẹ́ mi nígbà náà, kí o lè máa wò mí tẹ́rùn nílé kí o tó débi iṣẹ́."

Ọmọbìnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo fèrèsé. 

"Dá a lóhùn, ọmọ mi," ìyá ní. "Láti àárọ̀ ló ti ń fi ìlà yẹn dánra wò níwájú dígí."

"Mo gbà," ni Télọ̀ Ìwé wí, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó nu ojú àti ọwọ́ rẹ̀ gbẹ kí omi má baà kán sórí bébà. Ó mú ìdì kọkànlá, ó fi sí ipò rẹ̀, ó mú ìkejìlá, ó fi lé e. Onígíláàsì bá a di etí rẹ̀ mú títí ó fi rán an tán, kò sì wo ibòmíràn.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bébà mẹ́rin náà wà nínú dúrọ́ọ̀ ìyá, níbi tí àwòrán wà tẹ́lẹ̀. Àjà Karùn-ún wà lórí pẹpẹ, ó tò bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá yá a yóò rí i pé Abíkẹ́yìn ti ilẹ̀kùn, kò sì padà. Ìwé tí Abíkẹ́yìn ti padà nínú rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà láyé rí. Kò sí mọ́.